Ọwọ́ ta ló wà nínú rẹ̀? Jàǹbá bàálù ADC ọdún 2006 àti àhesọ tó gba Adó-Èkìtì

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ilé iṣẹ́ ADC gbéra ní Abùjá, ó kọrí sí Sókótó. Kò tíì jìnnà sí pápákọ̀ tó fi já. Èèyàn 105 ló wà nínú rẹ̀; 96 kú, mẹ́sàn-án yè. Sultan Sókótó, Alhaji Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́nétọ̀, Badamasi Maccido, àti igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Sókótó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Adó-Èkìtì ti dá ẹjọ́ tirẹ̀: wọ́n pa Sultan ni.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé títí di òní, bí mo bá dárúkọ jàǹbá náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: "Ṣé ìwọ náà gbà pé ó kàn já bẹ́ẹ̀ ni?" Ìwádìí ti parí, àbọ̀ rẹ̀ ti jáde, kò sì fara jọ ohun tí a sọ rárá. Ṣùgbọ́n a kò ṣàdédé sọ ohun tí a sọ. Ìdí wà tí odidi ìlú fi gbà pé ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀, ìdí yẹn gan-an ló yẹ kí a tú palẹ̀ kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Yóò ṣòro fún ẹni tí kò gbé Èkìtì lọ́dún náà láti mọ irú ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, àwọn apààyàn wọlé tọ Dókítà Ayọ̀ Dáramọ́lá, ẹni tó fẹ́ díje fún ipò gómìnà, wọ́n sì pa á ní Ìjan-Èkìtì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ Gómìnà Ayọ̀ Fáyóṣé àti igbákejì rẹ̀, Bíọ́dún Olújìmí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi adájọ́ mìíràn rọ́pò adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ nítorí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó kọ́kọ́ yàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló ń sọ pé àwọn ni gómìnà: ẹni tí wọ́n yọ, igbákejì rẹ̀, àti olórí ilé ìgbìmọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde ètò pàjáwìrì, ó sì fi ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, Adétúnjí Olúrìn, ṣe alábòójútó ìpínlẹ̀ wa. Inú ipò yẹn ni a wà tí a fi gbọ́ ti Sultan. Ẹni tó bá ti rí i pé wọ́n lè fi alẹ́ kan ṣoṣo pààrọ̀ adájọ́ àgbà, kí ni kò ní gbà gbọ́?

Gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò sì rọgbọ. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti pa ọ̀rọ̀ sáà kẹta fún Ọbásanjọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún. Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, Atiku Abubakar, ń bá ara wọn fa wàhálà lójú gbogbo ayé. Ìbò gbogboogbò ń bọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2007. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni bàálù ológun kan, Dornier 228, ti já ní àgbègbè olókè ìpínlẹ̀ Benue, tó pa ọ̀pọ̀ ọ̀gágun lẹ́ẹ̀kan náà. A kò tíì gbàgbé ìyẹn tí Sultan fi tẹ̀ lé e.

Ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ní Ìjìgbò, ní Adó níbí, ni ẹjọ́ náà ti gbóná jù lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn tó ń san owó kà kò pọ̀ tó àwọn tó ń dúró kà, àwọn tó ń dúró kà kò sì pọ̀ tó àwọn tó kàn wá sọ tẹnu wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé bàálù ló máa ń dédé já báyìí nígbà tí ìbò bá kù díẹ̀?" Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." Kò parí òwe náà. Kò sẹ́ni tó nílò kí ó parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Bàálù ilé iṣẹ́ Bellview já ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìyàwó Ààrẹ, Stella Ọbásanjọ́, kú ní Spéènì. Bàálù ilé iṣẹ́ Sosoliso já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ti àwọn ọ̀gágun, ọjọ́ Àìkú. Ti Sultan, ọjọ́ Àìkú. Òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn bọ́ sí, òótọ́ sì ni, mo ti yẹ kàlẹ́ńdà wò. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ń kó jọ fún ìbò. Àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ gba orí oyè Sókótó sọ́wọ́ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, kò sí èyí tó sọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀ka kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ ti wa, tí mi ò rò pé ìlú mìíràn ní irú rẹ̀. Mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú lásìkò náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá Bọ́ríṣàdé, ọmọ Ùsì-Èkìtì ni. Òun ló jáde sọ pé awakọ̀ bàálù náà kò fetí sí ìmọ̀ràn àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilé gogoro, pé kí ó dúró kí ojú ọjọ́ rọ̀ ná. Lójú àwọn kan nídìí àtẹ yẹn, ṣe ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ wa lẹ́nu. Lójú àwọn mìíràn, ìtìjú ni fún Èkìtì pé òkú tí kò lè fèsì ni ọmọ wa ń dá lẹ́bi. Ìyá kan tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ tirẹ̀: "Ẹ̀yin ọkọ mi, wọ́n ti gba gómìnà wa, wọ́n fẹ́ gba mínísítà wa náà ni." Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Ààrẹ gbé Bọ́ríṣàdé kúrò lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí àṣà àti ìrìnàjò afẹ́, ó sì fi Fẹ́mi Fání-Káyọ̀dé sí ipò rẹ̀. Fún ẹni tó ti gbà pé ọ̀tẹ̀ ni, ẹ̀rí nìyẹn jẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ nípa awakọ̀ jẹ́ òótọ́ tàbí kì í ṣe òótọ́. Bí ó ṣe kan Èkìtì nìkan ni a wò.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Bellview, nítorí ibẹ̀ ni mo gbà pé àìnígbàgbọ́ náà ti gbèrú. Bàálù yẹn gbéra ní Ìkẹjà lálẹ́, ó ń lọ Abùjá, èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn aláṣẹ kéde pé wọ́n ti rí i ní ìtòsí Kìṣí, ní òkè ọ̀hún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti pé èèyàn tó pọ̀ nínú wọn ló yè. Ẹ fojú inú wo ìdílé tó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, bí ìdùnnú yóò ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Kò sì sí ohun tó jọ ọ́. Abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni bàálù náà wà, kò jìnnà sí Èkó tó ti gbéra, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó yè. Àwọn oníròyìn ló fi ibẹ̀ han aráyé. Dípò kí ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ilé iṣẹ́ AIT àti Ray Power pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí àwòrán tí wọ́n gbé jáde. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkigbà tí aláṣẹ bá la ẹnu lórí jàǹbá bàálù, Kìṣí ni àwa máa ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú Kìṣí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, bàálù ADC mìíràn já ní Ejìrìn, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó sì pa gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn, onímọ̀ tó máa ń bá ìjọba ológun àti àwọn ilé iṣẹ́ epo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó pé ọdún kan géérégé tí wọ́n ti so Ken Saro-Wiwa kọ́. Ta ni ìwọ ìbá pè ní apààyàn lábẹ́ Abacha? Gbogbo ayé ló dárúkọ ìjọba. Ohun tí ìwádìí rí ni pé bàálù méjì fẹ́ forí sọra ní òfurufú. Nígbà tí awakọ̀ náà yà kí ó má baà kọlu èkejì, ó yí bàálù rẹ̀ kọjá ààlà, kò sì lè gbà á padà mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001, wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Òkú yẹn, ọwọ́ èèyàn ló pa á, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi rẹ̀ nílé ẹjọ́ di òní. Ìlú tó ti rí èyí kò lè ṣàìfura. Mi ò bá wọn jà lórí ìfura.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Abùjá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá nìyí. Ìjì ńlá ń jà nítòsí pápákọ̀ lákòókò tí bàálù náà fẹ́ gbéra. Bàálù kì í fi agbára ẹ́ńjìnnì nìkan dúró lókè. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ pàdé ìyẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e. Nígbà tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ bá dé, afẹ́fẹ́ máa ń ya wálẹ̀ láti inú ìkùukùu, tó bá kan ilẹ̀, á tú ká sí ọ̀nà gbogbo. Bàálù tó bá wọ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ níwájú, èyí tó ń gbé e sókè. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, agbára tó gbé e á sì já mọ́ ọn lábẹ́. Bó bá wà lókè réré, awakọ̀ ṣì ní àyè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ilẹ̀ ti sún mọ́ ọn jù.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú, AIB, kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nígbà tí ó mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, àti pé kò tẹ̀ lé ìlànà tó wà fún bíbọ́ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, títí bàálù fi pàdánù agbára níbi tí kò ti sí àyè láti gbà á là. Kò sí bọ́ǹbù nínú àbọ̀ náà, kò sí ìbọn, kò sí olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ tí mínísítà sọ nípa ojú ọjọ́, tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìjìgbò, kò jìnnà sí òótọ́.

Sosoliso, tí wọ́n kà mọ́ ọn, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi. Èèyàn 108 ló kú nínú 110. Ọgọ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Pásítọ̀ Bímbọ́ Ọdúkọ̀yà náà bá a lọ, obìnrin tí ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ìwádìí ní awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nìṣó nígbà tí kò tíì rí ojú ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí, pé afẹ́fẹ́ burú, pé iná ojú pápá kò sí ní títàn, àti pé kọ́tà oníkọnkéré tó wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà ni bàálù náà lọ kọlù. Iná tí ẹnì kan ìbá tàn. Kọ́tà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n dáhùn fún nǹkan méjèèjì yìí wà nínú ìwé iṣẹ́ ìjọba, a kò sì béèrè wọn, torí pé apààyàn tí kò lójú là ń wá.

Ibi tí ìfura ti pa wá lára gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n pa Sultan ni, kò ní béèrè ẹni tó dá awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tó fi orúkọ sí ìwé pé bàálù náà yẹ ní fífò. Ilé iṣẹ́ tó bá jẹ̀bi kò ní olùgbèjà tó dára ju ìlú tó ń pariwo "ọwọ́ ayé" lọ. Àwọn tí kò dákẹ́, àwọn òbí àti àwọn oníṣẹ́ òfurufú tó ń pariwo láti ọdún 2005, ni òfin ọkọ̀ òfurufú tuntun ti oṣù Kọkànlá ọdún 2006 jẹ́ èrè iṣẹ́ wọn, èyí tó gba NCAA, àjọ tó ń ṣàbójútó ọkọ̀ òfurufú, kúrò lábẹ́ àṣẹ olóṣèlú, tó sì fún AIB ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ní Adó, mi ò rántí ẹni tó sọ̀rọ̀ òfin yẹn nídìí àtẹ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ Sultan la ń sọ.

Síbẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi èyí pa ìfura lẹ́nu mọ́, nítorí ìgbà kan wà tí ìfura máa ń tọ̀nà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, bàálù méjì gbéra ní pápákọ̀ Domodedovo ní Mọ́sìkò, méjèèjì sì já lálẹ́ kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn. Èèyàn 90 ló kú. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n dìbò yan ààrẹ ní Chechnya, agbègbè Rọ́ṣíà tí ogun wà nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ kan ní ó lè jẹ́ àṣìṣe èèyàn. Ará ìlú kò gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n rí àmì ohun abúgbàù, hexogen, lára àwókù bàálù náà, wọ́n sì rí i pé obìnrin méjì láti Chechnya wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú bàálù kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹbí tó wá béèrè òkú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2024, bàálù Azerbaijan tó ń lọ Grozny ní Rọ́ṣíà já nítòsí Aktau ní Kazakhstan, 38 kú nínú èèyàn 67. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ẹyẹ ló kọlù ú. Àwọn tó yè ti fi fóònù ya àwòrán ihò tó wà lára bàálù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Putin fúnra rẹ̀ gbà pé àdó olóró àwọn tó ń ṣọ́ òfurufú Rọ́ṣíà ló bú nítòsí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó sọ ìfura wọn di òótọ́: àmì ohun abúgbàù, ihò lára irin, orúkọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, tàbí pé ìbò ń bọ̀. Ìbò tó ń bọ̀ lè mú kí a béèrè. Kò lè dáhùn ìbéèrè náà fún wa. Àjẹ́ tó ké lánàá, ó yẹ kí a wádìí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ara ọmọ náà pẹ̀lú, bóyá ibà ló ṣe é.

Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ láàárín wa, kò sì ṣẹlẹ̀ ní ibi tó jìnnà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, bàálù tó gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, já ní Ìkẹjà bí ó ṣe gbéra láti lọ Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ ni àwa ará Èkìtì náà ti ń wọ bàálù nígbà yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àhesọ ti délé délé. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí AIB jáde sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀: ẹ̀rọ inú bàálù ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé apá ìyẹ́ tó ń ran bàálù lọ́wọ́ láti gbéra kò sí ní ipò tó yẹ, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀síbẹ̀. Bàbá olùkọ́ wa ti àtẹ Ìjìgbò ka èyí tán, ó ní, "Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀?" Ó tún un kà. Kò dárúkọ àjẹ́ lọ́jọ́ náà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni bàálù ló béèrè.

Bellview nìkan ló kù tí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún àwọn tó bá bi mí. Wọn kò rí àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀, wọn kò rí èyí tó ń gba ìrìn bàálù sílẹ̀. AIB kọ ọ́ pé àwọn rí àléébù nínú ìtọ́jú bàálù náà, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹ̀rí tó dájú tí àwọn lè fi sọ ohun tó já a lulẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọwọ́ èèyàn wà nínú ti Lísà, mi ò ní pè é ní òpùrọ́, mi ò sì ní bá a pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí màá bi í ni ohun tó yẹ kí a ti bi ìjọba láti ọjọ́ kejì: ta ló sọ pé Kìṣí ni, ta ló sọ pé àwọn kan yè, kí sì ni wọ́n ṣe fún un?